Oówo tí kì í tán nílé, èsì àyẹ̀wò tí ó ní «Staphylococcus», àti oúnjẹ òde tí ó ń mú ni bì: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì (Òṣogbo):
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ibí yìí. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni mo gbé wá, ó sì jọ pé orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́. Èkíní ni pé láti ìgbà tí ooru ti mú ni oówo ti ń sọ àwọn ọmọ mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: bí ti Táíwò bá ṣe ń gbẹ ní ìdí ni ti Kẹ́hìndé yóò yọ ní abíyá, nígbà tí a ó sì fi mọ̀, ó ti dé ọ̀dọ̀ bàbá wọn. Dókítà tí ó yẹ̀ wọ́n wò ní kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Staphylococcus aureus ni ó sábà máa ń fà á. Èkejì ni ti aya àbúrò ọkọ mi tí ó ń retí oyún. Ó lọ ṣe àyẹ̀wò, orúkọ yìí kan náà ni wọ́n kọ sínú èsì rẹ̀. Alágbo kan wá sọ fún un pé àrùn ìbálòpọ̀ ni, pé ó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀, àti pé bí kò bá ra àgbo olówó gọbọi tí òun ń tà, kò ní í bímọ. Láti ọjọ́ náà ni ilé wọn kò ti tòrò, nítorí ọkọ ń bi í pé níbo ni ó ti kó o. Ẹ̀kẹta ni pé níbi ìsọmọlórúkọ kan tí a lọ láìpẹ́ yìí, àwọn tí ó jẹ mọ́ínmọ́ín bẹ̀rẹ̀ sí í bì kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹnìkan níbẹ̀ sì tún dárúkọ kòkòrò yìí. Ṣé òun náà ni ó ń ṣe gbogbo èyí ni, àbí orúkọ kan ṣá ni àwọn ènìyàn ń fi bo ohun tí kò yé wọn?

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Abẹ́òkúta):
Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Kòkòrò kan náà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó ń gbà ṣeni ní ibi yàtọ̀ síra, ìtọ́jú rẹ̀ náà sì yàtọ̀. Ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ ni pé kì í ṣe àlejò lára ènìyàn. Bí a bá kó ẹni mẹ́wàá jọ, nǹkan bí ẹni mẹ́ta nínú wọn ni ó ń gbé e kiri nínú ihò imú láìmọ̀, tí ara wọn le koko, tí ohunkóhun kò sì ṣe wọ́n. Ó tún ń gbé ní abíyá àti ní abẹ́ itan, níbi tí òógùn pọ̀ sí. Ìgbà tí ó bá rí ojú ọgbẹ́, ibi tí ọmọ fi èékánná họ, ibi tí ẹ̀fọn jẹ, ibi tí ooru mú kí ara sú, tàbí ihò irun tí abẹ ti bó, ni ó ń wọlé tí ó sì ń di oówo.

Oówo kékeré kò le tọ́jú. Ẹ ri aṣọ mímọ́ bọ omi gbígbóná tí ara lè gbà, ẹ fún un, kí ẹ sì gbé e lé e fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́, títí yóò fi bẹ́ fúnra rẹ̀. Bí ó bá bẹ́, ẹ nu ọyún rẹ̀ nù, ẹ fi báńdéèjì mímọ́ bò ó, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín dáadáa. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ fún oówo náà, ẹ má sì fi abẹ́rẹ́ tú u, nítorí pé bí a ti ń fún un ni ọyún ń tì wọnú sí i. Èyí tí ó bá yọ ní ojú, pàápàá ní agbègbè imú àti ètè òkè, ẹ má tilẹ̀ fọwọ́ kàn án, torí pé àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ ní ọ̀nà tí ó lọ sí inú agbárí.

Ohun tí ó ń mú kí oówo máa yí ilé ká ni ẹ ní láti bá jà, mo sì fẹ́rẹ̀ lè fọwọ́ sọ̀yà pé kànìnkànìn wà nínú rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé wa, kànìnkànìn kan ṣoṣo ni gbogbo ọmọ fi ń wẹ̀, inú ike ọṣẹ ni ó sì máa ń wà ní tútù rinrin láti àárọ̀ títí di alẹ́. Kí olúkúlùkù ní kànìnkànìn tirẹ̀ àti aṣọ ìnura tirẹ̀, kí ẹ sì máa sá wọn sóòrùn kí wọ́n gbẹ kí a tó tún lò wọ́n. Ẹ fi omi gbígbóná fọ aṣọ ibùsùn àti àwọ̀tẹ́lẹ̀, kí ẹ lọ̀ wọ́n bí ààyè bá wà. Ẹ gé èékánná àwọn ọmọ mọ́lẹ̀. Kí bàbá wọn má sì ya ẹnikẹ́ni ní abẹ ìfárùngbọ̀n rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni kí gbogbo ilé jọ ṣe é, nítorí pé bí ẹ bá tọ́jú Táíwò lónìí tí ẹ sì fi Kẹ́hìndé sílẹ̀ di oṣù tí ń bọ̀, ẹ óò kàn máa pààrọ̀ oówo láàrin ara yín ni.

Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ bí ibà bá bá a rìn, bí pípọ́n rẹ̀ bá ń tàn kálẹ̀, bí ó bá tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ní láti jẹ́ pé dókítà ni yóò là á, tàbí bí ẹni tí ó sọ bá jẹ́ ọmọ ọwọ́ tàbí ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ. Àgbàlagbà tí oówo kò yé sọ ní láti lọ ṣe àyẹ̀wò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Mo ti rí àwọn tí ó jẹ́ pé oówo ni ó kọ́kọ́ tú àtọ̀gbẹ wọn fó.

Ọmọ Àkúrẹ́:
Ẹ kú àlàyé, Màmá. Nílé tiwa, kápúsù aláwọ̀ méjì ni a máa ń tú, tí a ó da ẹ̀tù inú rẹ̀ sójú egbò tàbí oówo tí ó bẹ́. Ó máa ń gbẹ. Ṣé èyí náà burú ni?

Apoògùn (Ìlọrin):
Ó burú, àbúrò. Inú ikùn ni wọ́n ṣe kápúsù náà fún, wọn kò ṣe é fún ojú egbò. Ó lè mú kí ara ẹlòmíràn wú tàbí kí ó sú bo gbogbo ara. Gbígbẹ tí ẹ ń rí, òun ni ara ìbá ṣe fúnra rẹ̀ bí a bá ti fọ ojú egbò náà mọ́. Èyí tí ó tún le jù ni pé ìwọ̀nba oògùn tí ẹ ń dà sí i ń pa kòkòrò aláìlera, ó sì ń fi ààyè sílẹ̀ fún èyí tí oògùn kò ràn.

Kì í ṣe ìtàn àròsọ. Kòkòrò ìdílé yìí gan-an ni ó wà nínú àwo ìwádìí Alexander Fleming ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1928, nígbà tí èbu kan, irú èyí tí a ń rí lára búrẹ́dì tí ó ti bu, bọ́ sínú àwo náà tí kò sì jẹ́ kí kòkòrò hù ní àyíká rẹ̀. Ibẹ̀ ni pẹnisílíìnì ti wá. Kí àwọn ọdún 1940 tó parí, ọ̀pọ̀ nínú kòkòrò yìí ní àwọn ilé ìwòsàn ti mọ bí a ti ń sọ pẹnisílíìnì di omi lásán. Wọ́n ṣe oògùn mìíràn, methicillin, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ọdún 1959 sí 1960. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1961, wọ́n ti rí irú èyí tí oògùn yẹn náà kò ràn, òun ni wọ́n ń pè ní MRSA. Ó wà ní àwọn ilé ìwòsàn tiwa náà. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo oówo ni ó ń fẹ́ oògùn apakòkòrò. Èyí tí ó bá sì fẹ́ ẹ, kí dókítà yàn án, kí a sì lò ó tán bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kì í ṣe kí á ra ẹyọ méjì méjì ní kẹ́míìsì.

Onímọ̀ Àyẹ̀wò (Ìbàdàn):
Ìyá Ìbejì, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí aya àbúrò yín ka ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, kí ọkọ rẹ̀ náà sì kà á.

Iṣẹ́ àyẹ̀wò ni iṣẹ́ mi. Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnìkan kì í mú irú èsì bẹ́ẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú omijé lójú. Staphylococcus aureus kì í ṣe àrùn ìbálòpọ̀ bí àtọ̀sí. Ó lè ti ara ẹnìkan bọ́ sí ara ẹlòmíràn nígbà tí ara bá kan ara, yálà tọkọtaya ni wọ́n, tàbí ọmọdé tí ó ń jìjàkadì, tàbí àwọn agbábọ́ọ̀lù tí ó ń lo aṣọ ìnura kan náà, nítorí náà èsì yìí kò lè jẹ́ ẹ̀rí pé ìyàwó dalẹ̀ ọkọ tàbí pé ọkọ dalẹ̀ ìyàwó. Kí ni ó wá dé tí orúkọ rẹ̀ fi ń jáde lemọ́lemọ́? Ẹ wo ọ̀nà tí a ń gbà mú ohun tí a ó yẹ̀ wò. Omi ojú ara obìnrin gba ẹ̀gbẹ́ awọ ara kọjá kí a tó rí i. Àtọ̀ ọkùnrin, ọwọ́ rẹ̀ ni ó fi gbà á sínú ìgò. Kòkòrò tí ń gbé lórí awọ ni ó bá a wọ inú ìgò, ọ̀pọ̀ obìnrin tí ara wọn dá ṣáká náà sì ń gbé e lójú ara.

Ohun kan tí àwọn aláìsàn kì í gbọ́ ni pé kòkòrò yìí rọrùn láti hù nínú àwo. Bí a bá gbìn ín lónìí, yóò ti hù bámúbámú ní ọ̀la. Ṣùgbọ́n èyí tí ń fa àtọ̀sí jẹ́ ẹlẹgẹ́ púpọ̀, bí a kò bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa láti ìgbà tí a ti gbà á, kíá ni yóò kú. Chlamydia, tí ó jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tí ń dí ọ̀nà ilé ọmọ, kì í tilẹ̀ hù nínú irú àwo tí a ń lò yìí rárá. Ẹ kò rí nǹkan bí: èyí tí kò dá ẹ̀ṣẹ̀ ni a ń kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, èyí tí ó sì lè jẹ́ ọ̀daràn kò hàn lójú àwo.

Àwọn tí wọ́n ní ó ti «wọ inú ẹ̀jẹ̀» ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ó lè wọ inú ẹ̀jẹ̀ lóòótọ́, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ẹni tí ó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ibà ńlá àti òtútù tí ń gbọn ni jìgìjìgì ni yóò dá a dùbúlẹ̀. Kòkòrò náà lè lọ jókòó sínú ọkàn tàbí sínú eegun, orí ibùsùn ilé ìwòsàn ni wọn yóò sì ti máa fa oògùn sí i lára fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán. Ẹni tí ó ń lọ sọ́jà lójoojúmọ́, tí ó ń jẹun, tí ó ń sùn, tí ó wá ní ó ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ òun láti ọdún mẹ́fà, kì í ṣe òun ni ó wà níbẹ̀. Nǹkan tí ń rìn ni lára bí èèrà, tí wọ́n fi ń polówó nínú ọkọ̀ àti lórí rédíò, kì í ṣe àmì rẹ̀. Oríṣiríṣi nǹkan ni ó lè fà á, láti orí àtọ̀gbẹ títí dé orí àníyàn, ó sì yẹ kí dókítà wá ìdí rẹ̀. Mi ò bá àwọn àgbà oníṣègùn wa jà o. Àwọn tí wọ́n ń fi ẹ̀rù tajà ni mo ń bá wí.

Ẹyọ kan ni mo yọ sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ inú ìtọ̀ ni wọ́n ti rí i, pàápàá tí ibà bá ń ṣe ẹni náà, kí ó tètè lọ rí dókítà, nítorí ó lè jẹ́ láti inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ti bọ́ sí ibẹ̀. Ní ti ọmọ tí wọ́n ń wá, kí ọkọ àti aya jọ lọ sí ilé ìwòsàn tí ó ní dókítà àwọn obìnrin, kí wọ́n yẹ àtọ̀ ọkọ wò bí ó ti yẹ, kí wọ́n sì wo ọ̀nà ilé ọmọ ìyàwó àti bí ẹyin rẹ̀ ṣe ń jáde.

Ìyá Ìbejì (Òṣogbo):
Mo ti fi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp. Ọkọ rẹ̀ ní kí n bèèrè bóyá òun náà ní láti lo oògùn nítorí èsì yẹn.

Onímọ̀ Àyẹ̀wò (Ìbàdàn):
Rárá, kì í ṣe nítorí èsì yẹn nìkan. Àforíjì ni kí ó kọ́kọ́ lọ tọrọ nílé.

Alásè Ìjẹ̀bú:
Ẹ jẹ́ kí n gba ti oúnjẹ sọ, torí òun ni iṣẹ́ ọwọ́ mi. Bí ènìyàn bá jẹun tán tí èébì sì bẹ̀rẹ̀ láàrin ìdajì wákàtí sí wákàtí mẹ́jọ, tí inú ń run ún, bóyá tí ìgbẹ́ gbuuru tẹ̀lé e, kòkòrò yìí wà lára àwọn tí a ó kọ́kọ́ fura sí. Kì í ṣe òun nìkan o; òmíràn wà tí ó fẹ́ràn ìrẹsì tí ó ti sùn, tí ìṣe rẹ̀ jọ tirẹ̀ gan-an.

Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ lóde ìnáwó kò ṣòro láti mọ̀. A sè mọ́ínmọ́ín lóru, iná pa gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ní ìdájí, ọwọ́ ni a fi tú u kúrò nínú ewé, ẹnìkan nínú àwọn tí ń tú u ní egbò ní ìka tàbí kí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ nu imú, ọwọ́ yẹn ni ó dá kòkòrò padà sínú oúnjẹ tí iná ti fọ̀ mọ́. A wá kó o sínú kúlà nígbà tí ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, a dé e, ó di ọ̀sán kí a tó bù ú fún àlejò. Ooru wọ́ọ́rọ́ yẹn ni kòkòrò náà fẹ́ràn, inú rẹ̀ ni ó ti ń pọ̀ sí i tí ó sì ń tu oró sílẹ̀. Oúnjẹ náà kò kan, òórùn rẹ̀ kò yí padà, adùn rẹ̀ kò dín.

Ibi tí ó ti ń tan àwọn ènìyàn jẹ ni pé wọ́n á ní, «A óò tún un gbé kaná». Gbígbé e kaná ń pa kòkòrò, ṣùgbọ́n oró tí ó ti tu sílẹ̀ kì í kú nínú omi híhó. Oúnjẹ tí ó bá ti wà ní lílọ́ wọ́ọ́rọ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, dída á nù ni ìtọ́jú rẹ̀, bí ẹran inú rẹ̀ ti wù kí ó pọ̀ tó. Iyọ̀ náà kì í fi bẹ́ẹ̀ dí i lọ́wọ́, níbi tí iyọ̀ ti ń pa àwọn kòkòrò mìíràn ni òun ti ń rí ààyè gbé. Wàrà tí a kò sè dáadáa tún léwu, nítorí ọmú màlúù tí ó bá wú lè ti ní in nínú.

Lọ́dọ̀ tèmi, ẹni tí ó bá ní egbò tàbí oówo lọ́wọ́ kì í fọwọ́ kan oúnjẹ, iṣẹ́ mìíràn ni mo ń fún un. Oúnjẹ tí ó máa gbóná, kí ó gbóná ju digirí 60 lọ títí a ó fi bù ú. Èyí tí ó máa tutù, kí ó wọ fíríìjì kíá nínú abọ́ pẹlẹbẹ, nítorí ìrẹsì tí a fi sílẹ̀ nínú ìkòkò ńlá lè gbóná ní àárín títí di ọjọ́ kejì. Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú méjèèjì, wákàtí méjì péré ni, nínú ooru ẹ̀ẹ̀rùn wa yìí sì rèé, wákàtí kan ni.

Ọmọ Àkúrẹ́:
Iná kì í sí ládùúgbò wa, Màmá. Ọbẹ̀ tí a bá sè, àárọ̀ àti alẹ́ ni a ń gbé e kaná kí ó má baà bàjẹ́. Ṣé kí a jáwọ́ ni?

Alásè Ìjẹ̀bú:
Ẹ má jáwọ́ níbi tí kò sí fíríìjì, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó hó dáadáa, kì í ṣe kí ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́. Lẹ́yìn tí ó bá hó tán, ẹ dé e, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ mú ẹran nínú rẹ̀ tàbí kí ó ti ṣíbí tí ó ti kan ẹnu bọ̀ ọ́. Èyí ń dín ewu kù, kò mú un kúrò. Ìwọ̀n tí ẹ óò jẹ tán lọ́jọ́ kan ni kí ẹ máa sè.

Onímọ̀ Àyẹ̀wò (Ìbàdàn):
Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ Japan ti Alásè lẹ́yìn. Ní ọdún 2000, ènìyàn tí ó lé ní 13,000 ni ó ṣàìsàn ní agbègbè Osaka lẹ́yìn tí wọ́n mu wàrà ilé-iṣẹ́ ńlá kan. Iná mànàmáná ni ó lọ fún wákàtí díẹ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìyẹ̀fun wàrà ní Hokkaido, wàrà tí ó wà lójú iṣẹ́ sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Wọ́n gbé e gba inú ooru lẹ́yìn náà, kòkòrò kú, oró rẹ̀ kò kú, ìyẹ̀fun yẹn ni wọ́n sì lò ní Osaka. Bí ó bá lè ṣẹlẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ tí ẹ̀rọ kún fọ́fọ́, ìkòkò tiwa kò lè yọrí.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Abẹ́òkúta):
Ẹni tí ó bá ti jẹ ẹ́, omi ni ó nílò. Ẹ ra omi iyọ̀ òun ṣúgà alápò, ẹ pò ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára àpò, kí ó máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Oògùn apakòkòrò kò wúlò níbí, oró ni ó ń dà á láàmú. Ó sábà máa ń lọ láàrin ọjọ́ kan. Ọmọdé tàbí arúgbó tí ojú rẹ̀ bá jìn wọnú, tí omi kò dúró nínú rẹ̀, tàbí ẹnikẹ́ni tí ó bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, kí wọ́n má ṣe jókòó sílé.

Ẹ̀gbọ́n Pẹ́kámù (Lọ́ńdọ̀nù):
Lọ́dọ̀ wa níbí, kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọ̀pọ̀ aláìsàn, wọn a fi òwú nu ihò imú wọn láti wo bóyá MRSA wà níbẹ̀. Bí ó bá wà, ìpara inú imú àti ọṣẹ apakòkòrò ni wọn ń fún ni lò fún ọjọ́ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa ń bínú bí wọ́n bá gbọ́ èsì yẹn, wọ́n rò pé wọ́n pe àwọn ní onídọ̀tí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ náà ń gbé e.

Bàbá Fọlá (Èkó):
Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tí ó ní àrùn fọ̀níkú-fọ̀ládìde, ẹ fi èyí sọ́kàn. Bí eegun bá ń dùn ún lójú kan ṣoṣo, tí ibẹ̀ wú, tí ó gbóná, tí ibà kò sì lọ, ẹ má kàn gbà pé ìrora tí ó máa ń ṣe é ni. Kòkòrò yìí, àti èyí tí wọ́n ń pè ní Salmonella, máa ń wọ inú eegun irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìkókó (Ṣàgámù):
Ẹ jọ̀ọ́, ọmú mi òsì ti le, ó pọ́n, ó sì ń gbóná, ara mi náà sì gbóná láti àná. Ìyá ọkọ mi ní kí n já ọmú lẹ́nu ọmọ nítorí pé ó ti bàjẹ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Abẹ́òkúta):
Ẹ má já a, ìyàwó wa, kí ẹ sì fi ìtẹríba bá Màmá sọ ọ́. Kòkòrò tí a ń sọ láti òkè yìí ni ó sábà máa ń fa irú èyí, ó ń gba ojú orí ọmú tí ó là wọlé. Wàrà tí ó bá dúró sínú ọmú náà yóò tún mú kí ó le sí i. Ẹ máa fún ọmọ ní méjèèjì bí ó ti ń fẹ́. Bí ó bá kọ ti òsì, ẹ rọra fi ọwọ́ fún wàrà ibẹ̀ jáde, ẹ má ṣe fi ipá tẹ̀ ẹ́. Nítorí pé ara yín ń gbóná, ẹ lọ rí dókítà lónìí, kì í ṣe lọ́la. Oògùn wà tí abiyamọ lè lò tí kò ní pa ọmọ lára. Bí ó bá ti di oówo inú ọmú, wọn yóò fa ọyún rẹ̀ jáde. Bí ọyún bá ń jáde nítòsí ibi tí ẹnu ọmọ yóò kàn, ẹ máa fún ti òsì dànù títí yóò fi san, kí ẹ sì máa fi ti ọ̀tún bọ́ ọ. Ẹ bojú wo ìwọ́ ọmọ náà pẹ̀lú: bí àyíká rẹ̀ bá pọ́n tàbí tí ó ń rùn, ẹ gbé e dání lọ, ẹ má sì fi ohunkóhun sí i lẹ́yìn jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fún yín ní ilé ìwòsàn.